Kí Ni À Ń Pè Ní Ìpadàságbo? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn I. K. Dáìró àti Àwọn Olórin Mìíràn

Ìfáàrà

Bí olórin kan bá dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó wá gbé àwo tuntun jáde, kíá ni àwọn oníròyìn yóò ti kéde pé ó ti padà. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣa orin àtijọ́ olórin kan jọ, tí wọ́n sì tún un tà, wọn a ní olórin náà ti padà. Bí ọmọ olórin bá tún orin bàbá rẹ̀ kọ, wọn a tún ní bàbá ti padà, àní bí bàbá bá tilẹ̀ ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe nǹkan mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan. Bẹ́ẹ̀, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wo ilé náà dáadáa. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí a máa pè ní ìpadàbọ̀ nínú iṣẹ́ orin, àti bí a ṣe lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ohun tí ó fara jọ ọ́. Olórin tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ ni Isaiah Kẹ́hìndé Dáìró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹni tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí I. K. Dáìró. Mo yàn án nítorí pé gbogbo ẹ̀ka ọ̀rọ̀ náà ni ó wà nínú ìtàn rẹ̀: ó gòkè, ó kúrò ní àárín agbo, ó sì tún padà. Ibi tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè é padà pẹ̀lú yẹ kí ó fún àwa tí à ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ní ìrònú.

Agbo àti Ẹni tí Ó Kúrò Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí n ó máa lò ni "ìpadàságbo". Mo lò ó nítorí pé orin Yorùbá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ṣe ní kọ̀rọ̀ yàrá. Onílù, elégbè, oníjó, ẹni tí a ń kì àti ẹni tí ó ń náwó ni wọ́n para pọ̀ di agbo. Olórin wà láàárín, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yí i ká ni wọ́n fi í síbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a ó rí i pé dídákẹ́ yàtọ̀ sí kíkúrò ní agbo. Olórin lè má gbé àwo jáde fún ọdún márùn-ún, kí àwọn ènìyàn sì máa pè é sí òde ìsìnkú àti ìgbéyàwó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò kúrò níbì kan. Òmíràn sì lè máa gbé àwo jáde lọ́dọọdún, kí ó jẹ́ pé àwọn tí ó ń kọrin fún ti yí ojú sí ẹlòmíràn. Ẹni yìí ti kúrò ní àárín agbo, bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ dákẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe iye ọdún tí olórin fi dákẹ́ ni a ó fi wọn ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni a ó wá fi wọ̀n ọ́n? Mo rò pé ìdáhùn wà nínú òwò kan tí a mọ Ìjẹ̀ṣà mọ́.

Ẹ̀kọ́ Lára Òṣómàáló

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nídìí òwò aṣọ. Wọn a ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọn a tà á láwìn, wọn a sì fún oníbàárà ní ọjọ́ tí yóò san owó. Bí ọjọ́ bá pé, oníṣòwò á padà. Bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá ń fọ̀rọ̀ falẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ náà, òṣómàáló, ti wá.

Àwọn ènìyàn máa ń fi orúkọ yìí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó mú kí òṣómàáló lè padà sí abúlé kan. Lọ́nà kìíní, ó ti fi ọjà sílẹ̀ ní ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tí kò tà láwìn kò ní gbèsè tí yóò gbà. Lọ́nà kejì, ó ti kúrò níbẹ̀ lóòótọ́. Lọ́nà kẹta, òun fúnra rẹ̀ ni ó padà, nítorí pé ojú rẹ̀ ni onígbèsè mọ̀. Lọ́nà kẹrin, bí ó bá fẹ́ kí òwò máa bá a lọ, kò ní mú ọwọ́ lásán wá. Aṣọ tuntun ni yóò rù wá, àwọn ará abúlé yóò sì tún rà á.

Ìbéèrè mẹ́rin yìí ni mo fẹ́ máa bi olórin tí wọ́n bá sọ pé ó ti padà. Kí ni ó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn? Ǹjẹ́ ó kúrò ní àárín agbo lóòótọ́? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni ó padà? Ṣé ọjà tuntun wà ní orí rẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì tún ránṣẹ́ pè é?

Ọjà tí Dáìró Fi Sílẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni wọ́n bí Dáìró sí Ọ̀fà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Bàbá yìí ni ó gbẹ́ ìlù fún un nígbà tí ó wà ní kékeré. Nígbà tí owó ilé-ìwé di ìṣòro, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó sì ń fá irun fún àwọn ènìyàn. Ní 1946, ó lọ sí Ẹdẹ, kò jìnnà sí Òṣogbo, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri ta aṣọ fún ọ̀gá kan. Ẹ ò rí i pé òwò àwọn ará ilé rẹ̀ ni òun náà kọ́kọ́ gbé lérí. Ṣùgbọ́n ìlù kò jẹ́ kí ó gbádùn. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí nílé, ó bá àwọn olórin lọ sí òde. Nígbà tí ọ̀gá gbọ́, ó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó dé Ìbàdàn, tí ó ń bá ẹgbẹ́ olórin jùjú ṣeré.

Ní 1957 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Morning Star Orchestra, tí wọ́n jẹ́ ẹni mẹ́wàá. Ní ọdún òmìnira, 1960, agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn pè wọ́n wá síbi àríyá, àwọn èèkàn ìlú sì gbọ́ wọn níbẹ̀. Kò pẹ́ tí orúkọ ẹgbẹ́ náà fi di Blue Spots. Ní 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Kí ni ohun tí ó tà fún àwọn ènìyàn gan-an? Jùjú ti wà kí ó tó dé. Gìtá ti wà níbẹ̀, ìlù gángan náà sì ti wọ inú rẹ̀ ṣáájú kí Dáìró tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi àkọ́díọ̀n, ìyẹn dùùrù tí a ń gbé kọ́ àyà, tí a ń fà tí a sì ń pa dé, sí àárín orin jùjú. Orin rẹ̀ tí ó ń jẹ́ "Salome" wà lára àwọn tí ó sọ ohùn dùùrù yìí di mímọ̀ káàkiri. Ó tún ń lo ẹ̀ka-èdè Yorùbá oríṣiríṣi, ó sì ń kọrin ní àwọn èdè mìíràn ní ilẹ̀ wa, débi pé àwọn tí kì í ṣe Yorùbá náà ń rí ohùn ara wọn nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sì rántí irú àwo tí ó ń lò. Àwo kékeré ni. Ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí, olórin gbọ́dọ̀ ki ènìyàn, kí ó pòwe, kí ó jẹ́ kí gángan sọ̀rọ̀, kí dùùrù dáhùn, kí elégbè gbè é, kí orin sì parí. Dáìró mọ bí a ti ń di ẹrù yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ṣókí, orin rẹ̀ kò sì ní àpọ̀jù. Ìwà ṣókí yìí ni ó gbé e dé òkè. Òun náà ni ó sì padà di ìṣòro fún un.

Bí Ó Ṣe Kúrò ní Àárín Agbo

Láti ìparí àwọn ọdún 1960, ọjà yí padà. Ebenezer Obey ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, Sunny Adé sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Àwọn wọ̀nyí fi kún iye gìtá oníná, wọ́n sì mú kí ìró orin wọn gbilẹ̀. Àwo ńlá, èyí tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà ní àwọn ọdún 1970. Orin kò nílò láti parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mọ́. Ó lè máa lọ bí ó ti ń lọ ní òde àríyá gan-an, kí a máa ki ènìyàn kan tẹ̀ lé òmíràn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970, owó epo rọ̀bì sọ òde àríyá di ńlá, àwọn olówó sì ń fẹ́ orin gígùn tí wọn yóò fi náwó.

Dáìró kò dákẹ́ pátápátá ní àkókò yìí. Ní 1969, òun àti Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá nínú orin àpàlà, para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, kí àwọn olórin lè ní ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn. Èyí fi hàn pé ojú rẹ̀ ṣí sí ohun tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti ilé fàájì ní Èkó gba apá kan nínú àkókò rẹ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Aládùúrà sì gba apá mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí ohùn ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí á ṣọ́ra níbí o. Ẹni tí ó kúrò ní àárín agbo kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parẹ́. Nígbà tí Sunny Adé, ẹni tí wọ́n bí ní Òṣogbo, dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, Green Spots ni ó pè é, láti fi júbà Blue Spots ti Dáìró. Orúkọ yìí nìkan tó ẹ̀rí pé ọjà tí Dáìró tà láwìn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Àwọn tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè jù lọ.

Bí Ó Ṣe Padà

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí á yà sọ́tọ̀ níbí, nítorí pé ibẹ̀ ni àlàyé mi dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni ti 1990. Ilé-iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà ṣa àwọn orin àtijọ́ Dáìró jọ, wọ́n sì gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ náà Juju Master. Iṣẹ́ pàtàkì ni, nítorí pé ó jẹ́ kí àwọn tí a kò tíì bí nígbà Blue Spots gbọ́ orin náà ní kedere. Síbẹ̀, n kò lè pe èyí ní ìpadàságbo. Ọjà àtijọ́ ni wọ́n tún pàtẹ. Olówò fúnra rẹ̀ kò tíì dé.

Ìgbésẹ̀ kejì ni àwo tuntun. Ní 1991, I Remember jáde. Ní 1994, Ashiko tẹ̀ lé e. Níhìn-ín ni olówò ti dé pẹ̀lú aṣọ tuntun lórí. Ènìyàn tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó tún kó àwọn onílù àti elégbè jọ, ó sì gbé dùùrù rẹ̀ kọ́ àyà. Kò lọ fara wé àwọn ọ̀dọ́ láti fi wá ojú rere. Ohùn tí a mọ̀ mọ́ ọn ni ó fi ṣe iṣẹ́ tuntun. Bí àgbà olórin bá padà tí ó sì sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn, ta ni yóò san gbèsè fún un? Ojú tí onígbèsè mọ̀ ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní 1994 sí 1995, Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, gba Dáìró gẹ́gẹ́ bí olórin àlejò ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa orin àwọn ẹ̀yà ayé. Ẹni tí owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dí lọ́wọ́, tí ọ̀gá lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìlù, ni ó wá di olùkọ́ ní yunifásítì nípa ìlù àti orin yẹn kan náà. Kì í ṣe pé ó tún ń tà nìkan; wọ́n ní kí ó wá kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń hun aṣọ náà. Mo rò pé kò sí ohun tí ó fi hàn ju èyí lọ pé olórin ti padà sí àárín.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì, ọdún 1996, Dáìró kú. Bí a bá kà á láti ìgbà tí I Remember jáde, ọdún márùn-ún péré tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni gbogbo ìpadàságbo náà gbà.

Àwọn Ohun tí Ó Jọ Ọ́ tí Kì í Ṣe Òun

Ní báyìí tí a ti rí ohun tí ìpadàságbo jẹ́, yóò rọrùn láti rí ohun tí kì í ṣe òun.

(a) Pípẹ́ kí ènìyàn tó dé kì í ṣe ìpadàbọ̀. Hárúnà Ìṣọ̀lá tí mo dárúkọ ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948, ṣùgbọ́n àwo náà kò tà. Ìrìn kiri láti òde kan sí òmíràn ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá lẹ́yìn náà, títí tí ó fi dé orí àwo Oroki Social Club ní 1971, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti Òṣogbo wá. Bí ẹnì kan bá sọ pé Hárúnà padà lẹ́yìn ìjákulẹ̀ 1948, mo máa bi í pé: níbo ni ó ti kúrò? Ẹni tí kò tíì tà láwìn kò ní gbèsè tí yóò padà wá gbà. Ìfaradà ni èyí, ó sì yẹ fún ìyìn ní orúkọ ara rẹ̀.

(b) Yíyí iṣẹ́ padà kì í ṣe ìṣubú. Moses Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ní ẹgbẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà. Abẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti ṣeré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọláìyá fi orin sílẹ̀, ó sì rí agbo tí ó tóbi jù èyí tí ó fi sílẹ̀ lọ. Kò sí ìdí tí a ó fi máa retí ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí orin. Bí a bá fẹ́ wá ìṣubú rẹ̀, nídìí sinimá ni a ti máa rí i: fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru, ti 1982, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ayédèrú, owó ńlá sì run sí i. Ó tún ṣe Mọ́ṣebọ́látán ní 1985. Bí a bá ń wá ìpadàságbo nínú ìtàn Bàbá Sàlá, èyí ni.

(d) Jíjí tí orin jí lẹ́yìn ikú olórin kì í ṣe ìpadàságbo. Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní Abẹ́òkúta ní 1980. Nígbà tí Túndé Kèlání ṣe fíìmù Ayinla ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin rẹ̀. Bákan náà ni Paul Dáìró, ọmọ I. K. Dáìró, tún "Mo Sorire" bàbá rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí bàbá ti kú. Ogún ni èyí. Ọmọ ni ó gba gbèsè tí wọ́n jẹ bàbá rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òkú kò lè mú aṣọ tuntun wá, kò sì lè mọ̀ pé wọ́n tún ti ń pe òun.

Ibi tí Ẹni tí Ń Wò Dúró Sí

Ìbéèrè kan ṣì kù tí a kò gbọ́dọ̀ fò: agbo ta ni? Ẹ wo ọ̀rọ̀ Sunny Adé. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, Aura sì tẹ̀ lé e ní 1984. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Odù jáde ní 1998, tí wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn Grammy, àwọn ará Amẹ́ríkà lè sọ pé ó ti padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé Òṣogbo tàbí Òǹdó yóò yà lẹ́nu. Padà láti ibo? Nílé, kò sí ọjọ́ kan tí agbo Sunny Adé tú ká. Ojú àlejò ni ó fi lọ, ojú àlejò náà ni ó fi padà. Nítorí náà, kí á tó sọ pé olórin padà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ agbo tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí a bá wá fi ìbéèrè yìí kan Dáìró, ọ̀rọ̀ á ta koko. Nílé ni ó ti kúrò ní àárín agbo, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ìpè ti wá. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ó ṣa orin rẹ̀ jọ. Yunifásítì Amẹ́ríkà ni ó gbà á ní olùkọ́. Kì í ṣe òun nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní Kúbà, àwọn àgbà olórin tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni àwọn àlejò láti òkè òkun kó jọ ní 1996 láti ṣe àwo Buena Vista Social Club. Ọ̀kan nínú wọn, Ibrahim Ferrer, ń dán bàtà fún àwọn ènìyàn kí wọ́n tó wá a kàn. Ní Senegal, ẹgbẹ́ Orchestra Baobab tú ká ní 1987, ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì ṣètìlẹ́yìn fún ìpadàbọ̀ wọn ní 2001.

N kò sọ èyí láti dá àwọn àlejò lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ọ gbé ẹrù rẹ tí ó ń jábọ̀, ọpẹ́ ni à ń dá fún un. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó wá ra aṣọ lónìí àti ẹni tí ó ti jẹ gbèsè láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ará Seattle kò jẹ Dáìró ní gbèsè kankan. Owó tuntun ni wọ́n san. Gbèsè àtijọ́, ti àwọn tí wọ́n fi orin rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n fi sin òkú, tí wọ́n fi ṣe àjọyọ̀ òmìnira, ọ̀dọ̀ tiwa ni ó wà.

Pé a lè san irú gbèsè bẹ́ẹ̀ nílé kì í ṣe àlá. Fàtáì Rolling Dollar ti ní ẹgbẹ́ African Rhythm Band láti 1957, Ebenezer Obey sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà kọ lu ilé Fẹlá ní 1977, ohun èlò orin Fàtáì tí ó ń gbé nítòsí bá rògbòdìyàn náà lọ. Ó wá di ẹni tí ń ṣọ́ ilé fún oúnjẹ òòjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ilé ìtàwé àti àwo kan ní Èkó, Jazzhole, wá a rí, wọ́n sì bá a ṣe àwo tuntun. Orin "Won Kere Si Number" wọ ẹnu àtọmọdé àtàgbà, ó sì ń lọ sí òde títí ó fi kú ní oṣù kẹfà, ọdún 2013. Èkó ni ìpè ti wá, Èkó náà ni agbo ti pé. Ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìku ọ̀kan.

Àgbálọgbábọ̀

Ní àkópọ̀, ohun tí mo ń sọ ni pé ìpadàságbo kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwo tuntun nìkan, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí àwo tà. Ẹni tí ó ti fi ohun gidi lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́, tí ó ti kúrò ní àárín wọn, tí òun fúnra rẹ̀ padà pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun, tí wọ́n sì tún ránṣẹ́ pè é, ni a lè sọ pé ó padà. Dáìró padà. Ṣùgbọ́n ìdajì kan wà nínú ìpadàságbo tí kò sí ní ọwọ́ olórin, ìyẹn ìdajì ti ẹni tí yóò ránṣẹ́ pè é.

Ìdajì yìí ni mo fẹ́ fi lé ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́. Lọ́dọọdún ni à ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lórí orin, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ni ó jẹ́ lórí àwọn tí wọ́n ti kú, nítorí pé àwo wọn wà nílẹ̀, wọn kò sì lè bá wa jiyàn. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí wọn ká, àwọn àgbà tí wọ́n ti lu gángan, tí wọ́n ti ta gìtá, tí wọ́n ti gbe orin rí, ṣì wà láàyè. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa lè pe ọ̀kan nínú wọn wá kọ́ wa fún sáà kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pe Dáìró sí Seattle. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè gba ohùn ẹnì kan sílẹ̀ nígbà ọlidé, kí ó kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣeré sílẹ̀, kí ó sì béèrè bí wọ́n ti ń pín ohùn àti bí wọ́n ti ń di ọ̀rọ̀ sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ọdún márùn-ún ni Dáìró rí lò lẹ́yìn ìpadàbọ̀ rẹ̀. Fàtáì rí bí ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ kò pọ̀ lọ́wọ́ àgbà. Òṣómàáló a máa lóṣòó dè wá ní ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í lóṣòó títí láé.